Bí Igbó Bá Tán, Ta Ni Yóò Dá Eku Dúró?

Ẹ̀yin ará Ìfọ̀nyìn nílẹ̀ Benin, ẹ̀yin ará Igolo lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Banigbé, ní Daagbé, ní Ko-Koumolou, ní Lagbé àti ní Tchaada, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ṣì wà nídìí ààrò tẹ́ ẹ ń yan gàrí, ẹ kú ìdáná o. Ẹ jẹ́ kí rédíò máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, nítorí ọ̀rọ̀ gàrí wà nínú ohun tí mo bá wá lálẹ́ òní.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ló pa ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko pọ̀ mọ́ àìsàn tí dókítà ń wò? Ẹlòmíràn á ní kò sí. Á ní ọkọ́ ń lé ebi lọ ni, ibòmíràn ni àìsàn ti ń wá. Ṣùgbọ́n wọ́n tan mọ́ra. Àwọn olùwádìí gbé àwọn àrùn tuntun tó ti yọjú láàárín ènìyàn láti 1940 yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ sí èyí tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. Bí a bá wá mú kìkì àwọn tó ń ti ara ẹranko bọ́ sára ènìyàn, ó lé ní ìdajì. Mo tún un sọ o: nínú àwọn àrùn tuntun tó ti ara ẹranko wá bá wa, ọ̀nà tí à ń gbà dáko tàbí sin ẹran lọ́wọ́ sí èyí tó ju ìdajì lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò wá bú àgbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wa nílẹ̀ yìí, iṣẹ́ náà ló sì ń bọ́ wa. Àwọn àgbà ló ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ibi tí ògiri ti lanu ni mo fẹ́ ká jọ wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí à ń tẹ̀. Igbó ńlá tó gba gúúsù Nàìjíríà kọjá, kò la ọ̀dọ̀ wa já. Ó já bó ṣe ń bọ̀ níhìn-ín, ó di pápá àti igbó kéékèèké, kó tó tún di igbó ńlá ní Ghana. Ojú ọjọ́ ló fa èyí láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn. Nítorí náà, igbó wa kéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló ṣe yẹ ká ṣìkẹ́ ìwọ̀nba tó wà. Ṣé a ṣìkẹ́ rẹ̀? Láyé Ọba Ghezo ti Dàhómì, tó wà lórí oyè títí di 1858, òwò epo pupa gbòde, ọ̀pẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀. Àwọn Faransé dé, ní 1922 wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, níwájú wa níbí. Lẹ́yìn ọ̀pẹ, àgbàdo. Lẹ́yìn àgbàdo, ẹ̀gẹ́. Ènìyàn ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ ò pọ̀ sí i, a ò sì lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ bíi ti àwọn baba wa kó tó tún di oko. Lónìí, bí ẹ bá gun alùpùpù zémidjan láti Ìfọ̀nyìn lọ sí Ṣàkẹ́tẹ́, níbo lẹ ti máa rí igbó tí oòrùn kò lè là kọjá? Ẹ ó rí i ní igbó Orò. Ẹ ó rí i ní igbó òrìṣà, àti létí odò níbi tí ọkọ́ kò tíì dé. Ní Pobè, ìwọ̀nba igbó ṣì dúró nítòsí ibùdó ọ̀pẹ náà. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, oko ni gbogbo rẹ̀.

Ó dáa. Bí igbó bá tán, ṣé gbogbo ẹranko ló ń bá a tán? Rárá o. Ẹ bá mi dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí ìdí ọ̀rọ̀ nìyí. Àwọn ẹranko tí kò lè ṣe kí wọ́n má rí igbó ló ń lọ. Ẹkùn ti lọ. Edun ti lọ. Ọ̀bọ kan wà tí irun ikùn rẹ̀ pọ́n, tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé ju ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, Togo àti ìhà gúúsù Nàìjíríà lọ. Òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn. Àwọn wo ló wá kù? Àwọn tí kò ka oko sí ìyọnu ni, àwọn tí àgbàdo wa tẹ́ lọ́rùn, tí wọ́n ń bímọ rẹpẹtẹ. Eku ló ṣáájú nínú wọn. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2020, tó kó ìròyìn jọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi káàkiri ayé, fi hàn pé àwọn ẹranko tó ń gbé àrùn tó lè ran ènìyàn máa ń pọ̀ sí i níbi tí a ti sọ igbó di oko àti ilé. Àwọn tí kò gbé irú àrùn bẹ́ẹ̀ ló ń dínkù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: a kò lé àrùn lọ nígbà tí a pa igbó run. Àwọn tí kì í yọ wá lẹ́nu la lé lọ, a wá fi àwọn tó ń gbé àrùn sílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa.

Ta ló máa ń dá eku dúró? Ejò ni, ẹtà ni, àṣá ni. Olórí gbogbo wọn ni òwìwí. Kí là ń ṣe fún òwìwí nílẹ̀ Yorùbá? À ń pè é ní ẹyẹ àjẹ́. Bó bá ké lórí igi lóru, òkúta la máa kọ́kọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ eku inú àká yín ló ń bá a wá síbẹ̀ o. Ológbò jáde, ilé dilé èkúté: ohun tí a fọwọ́ ara wa ṣe sí oko wa nìyẹn.

Eku kan wà láàárín wọn tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, tó ń gbé oko, tó sì ń wọlé. Eku yìí ló ń gbé àrùn Lassa. Ní 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀, ní abúlé Lassa ní ìhà Borno, ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ti àwọn ará òkè-ọya lọ́hùn-ún ni. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 2014, nígbà tí gbogbo ayé ń sá fún Ebola, Lassa bẹ́ sílẹ̀ ní Tanguiéta níhà àríwá Benin, ó sì pa lára àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú aláìsàn. Nígbà tí 2016 wọlé, ó tún yọ ní Tchaourou. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Báwo ló ṣe ń ti ara eku dé ara ènìyàn? Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé àpò gàrí kan. Wọ́n yan gàrí náà tán lọ́sàn-án, iná ti pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá kó lè tutù. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n kó o sínú àpò, wọ́n gbé e sí igun yàrá, wọn ò dí ẹnu rẹ̀. Lóru, eku wọ inú àpò. Ó jẹ, ó tọ̀ síbẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìtọ̀ ti gbẹ, kò rùn, kò yí àwọ̀ padà. Ọmọ ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án, ó bu gàrí, ó da omi tútù sí i, ó fi ṣúgà sí i, ó mu ún. Ẹ rí i pé iná kò tún kan gàrí yẹn mọ́ kó tó dé ẹnu ọmọ. Ibi tí ògiri ti lanu nìyẹn. Ohun tó sì lè dí i kò wọ́n: ike tó ní ìdérí, tí eku kò lè dá lu. Bákan náà ni àgbàdo àti èlùbọ́ tí à ń sá sẹ́bàá títì. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ kó o, ẹ bò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń dáná sungbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti fi ṣọdẹ, ṣé ẹ mọ ibi tí eku tó bọ́ lọ́wọ́ iná ń sá lọ? Ilé wa ni.

Ẹ jẹ́ ká fi eku sílẹ̀, ká wo adìyẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, àrùn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 bẹ́ sílẹ̀ ní Benin. Níbo? Ní Adjarra, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàṣẹ́, ibi tí àwa ará Ìfọ̀nyìn ń ná ọjà rẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ló ti kọ́kọ́ dé Nàìjíríà, ní January 2007 sì ni ó pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Èkó. Irú kòkòrò àrùn yìí wà lára pẹ́pẹ́yẹ igbó láti ìgbà pípẹ́, kì í sì í sábà ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Kí ló wá sọ ọ́ di apani? Nígbà tó bá bọ́ sínú ilé adìyẹ, tó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìyẹ tó fún mọ́ra, tí gbogbo wọn dà bí ọmọ ìyá kan náà, tí ara wọn kò yàtọ̀ síra, ó máa ń ti ara ọ̀kan bọ́ sára èkejì, ó máa ń yí padà bó ṣe ń lọ, ó sì lè wá le koko. Adìyẹ ìbílẹ̀ wa, tó ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá, tí àwọ̀ kálukú yàtọ̀, kò bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí o. Ṣùgbọ́n agbo rẹ̀ kéré, àrùn kì í rí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sáré.

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí adìyẹ bá ń kú, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ká yára tà wọ́n kí gbogbo rẹ̀ má baà run. Olówò á fi alùpùpù gbé àgò adìyẹ gba Igolo kọjá, nígbà tó bá di ọ̀la, àrùn ti di ará orílẹ̀-èdè méjì. Mo mọ̀ pé owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wà nínú adìyẹ yẹn. Síbẹ̀, ẹ ké sí dókítà ẹran. Ẹ má ṣe tà á, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má ṣe jù ú sódò.

Àwọn tó ti dàgbà láàárín wa rántí 1997, nígbà tí àrùn ẹlẹ́dẹ̀ dé Benin, tó sọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ di ahoro láti ìhà Kútọnu dé ọ̀dọ̀ wa, tó sì ré kọjá sí Nàìjíríà lọ́dún yẹn kan náà. A dúpẹ́ pé ìyẹn kì í ran ènìyàn. Ti Malaysia kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́hùn-ún, àwọn àgbẹ̀ kan gbin máńgòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, kí wọ́n lè rí owó méjì lórí ilẹ̀ kan. Ọgbọ́n àgbẹ̀ ni, èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Àdán wá jẹ máńgòrò, èyí tó jẹ kù bọ́ sílẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ṣà á jẹ. Àrùn tó wà nínú itọ́ àdán wọ ẹlẹ́dẹ̀, ó ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wọ àwọn tó ń sìn wọ́n. Láàárín 1998 sí 1999, ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ẹlẹ́dẹ̀ kó tó rọlẹ̀. Nipah ni wọ́n pè é, orúkọ abúlé kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ lè máa sọ pé mo ń mú yín rìn jìnnà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé pátápátá. Àrùn kan wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa gan-an, ti agbègbè Plateau àti ti Ouémé nílẹ̀ Benin níbí. Ọgbẹ́ Buruli ni. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré lábẹ́ awọ, lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà lára ọmọdé. Kò ní dun ọmọ náà, ibi tí ewu rẹ̀ wà nìyẹn. Kòkòrò tó fà á ń tú májèlé kan jáde tó ń jẹ ẹran ara, tó sì ń pa ìrora níbẹ̀. Ìyá á fọwọ́ kàn án, ọmọ ò ní sunkún, ìyá á ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí awọ bá máa fi là, abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán. Àwọn mìíràn á ní wọ́n sà á sí ọmọ ni, wọ́n á máa ti ọ̀dọ̀ babaláwo kan bọ́ sí òmíràn títí ẹsẹ̀ á fi ká kò.

Kí ló kan oko nínú èyí? Kòkòrò náà ń gbé inú omi tó dúró àti ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bó ṣe ń wọ ara níbí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ irú ibi tó ń bá jà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 lórí ilẹ̀ Benin fi hàn pé àwọn abúlé tí àrùn yìí ti pọ̀ ni àwọn tó wà nílẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí omi ń wọ́ sí, tí oko sì yí ká. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wé àkùrọ̀ wa, níbi tí a ti ń gé igi etí odò kúrò láti gbin ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì. Igi tó ń ṣíji bo omi lọ, omi ń dúró, oòrùn ń lù ú, àwọn ọmọ wa sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà níbí o. Ilé ìwòsàn tó mọ àrùn yìí dunjú wà ní Pobè, kò jìnnà sí wa. Láàárín 2005 sí 2011 nìkan, wọ́n tọ́jú aláìsàn tó lé ní 1,200. Bí ènìyàn bá tètè dé ibẹ̀, oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè wò ó láìsí pé wọ́n gbé ọ̀bẹ. Mo tún un sọ: kókó tí kò dunni lára ọmọ, ẹ má ṣe fi falẹ̀. Pobè ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹyẹ kan kí n tó máa lọ sópin. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Lónìí, igún ń wọ́n lójú ọ̀run wa, orí rẹ̀ sì wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta nǹkan oògùn. Ṣé nǹkan lè tibẹ̀ yọ? Ẹ bi àwọn ará India. Nígbà kan, wọ́n máa ń fi oògùn ìrora kan tó ń jẹ́ diclofenac tọ́jú màlúù, igún tó bá sì jẹ òkú màlúù náà máa ń kú. Láàárín ọdún díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú igún India pa rẹ́. Òkú ẹran wá ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro ń pọ̀, digbòlugi ń pọ̀, omi ń bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ṣírò rẹ̀ ní 2024 ní nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló bá a lọ láàárín ọdún márùn-ún. Ẹyẹ tí gbogbo ènìyàn ń kórìíra ìrísí rẹ̀ ni o.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, bí àdán bá ń gbé àrùn, ẹ jẹ́ ká pa gbogbo wọn. Wọ́n ti dán an wò ní Uganda. Ní kòtò ìwakùsà Kitaka, àrùn Marburg mú àwọn awakùsà ní 2007, wọ́n sì pa àdán inú rẹ̀ tán. Nígbà tó yá, àdán mìíràn wá gba ibẹ̀, èyí tí àrùn wà lára wọn sì pọ̀ ní ìlọ́po méjì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2012, Marburg tún bẹ́ lágbègbè náà. Yàtọ̀ síyẹn, àdán ńlá tí ẹ ń rí tó ń fò lọ ní ìrọ̀lẹ́ wà lára àwọn tó ń gbin ìrókò. Òun ló ń jẹ èso rẹ̀, tó ń gbé kóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ má pa á, ẹ má sì jẹ ẹ́. Èso tí ó bá ti bù jẹ, ẹ má fún ọmọ, ẹ má fún ẹlẹ́dẹ̀.

Ṣé ká wá dá oko dúró ni? Ebi á pa wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká fi ìwọ̀nba igi sílẹ̀ létí odò, ká má ro ilẹ̀ dé ẹnu omi. Ká da ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àgbàdo, ká jẹ́ kí ọ̀pẹ àti igi mìíràn dúró láàárín oko, kí ẹyẹ lè rí ibi bà. Ká fi òwìwí sílẹ̀. Ká má kó adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ènìyàn sábẹ́ òrùlé kan náà.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin olórí Orò àti ẹ̀yin aláwo ni mo fẹ́ bá sọ. Ẹ̀yin lẹ fi èèwọ̀ ṣọ́ igbó tó kù nílẹ̀ yìí nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń bọ̀ kò bẹ̀rù èèwọ̀ mọ́, àwọn tó ń ra ilẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Láti 2012 ni ìjọba Benin ti pàṣẹ pé igbó òrìṣà lè ní ìwé, kí òfin ìjọba máa ṣọ́ ọ pẹ̀lú òfin ìbílẹ̀. Ẹ wọn igbó yín, ẹ sàmì sí ààlà rẹ̀, ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n rí i, kẹ́ ẹ sì jọ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí ìgbà ìroko tó dé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ dé ẹnu àpò gàrí yín kẹ́ ẹ tó sùn.